Oògùn tí Ń Ta Èémí Jí

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ má jẹ́ kí gígùn ọ̀rọ̀ yìí bà yín lẹ́rù. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ dé, kí ẹ padà sí i lọ́la.

Ọ̀rọ̀ èémí ni a fẹ́ sọ lónìí. Ìbéèrè kan ni ó fà á. Arákùnrin kan wà ní ìtòsí Kétu, bàbá rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà èwe ni bàbá náà ti ń mu tábà. Ní báyìí, ikọ́ kò fi í sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, àfi kí ó jókòó. Èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ti ilẹ̀ Faransé dé, ó sì mú páálí oògùn kan bọ̀. Ó ní inú àpótí ìyá àgbà kan tí òun bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni òun ti rí i. Ó ní oògùn yìí a máa ta èémí jí, a máa jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́. Arákùnrin wa wá béèrè pé: “Ṣé kí bàbá mi lò ó?”

Ìdáhùn wa ni pé kí bàbá má lò ó. Ṣùgbọ́n “má lò ó” nìkan kò tó. Ẹni tí èémí ń ni lára kò ní gbọ́ “má lò ó” lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bí a kò bá sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìdí náà ni a fẹ́ wá báyìí.

Ta ni ó ń pàṣẹ pé kí a mí?

Ẹ wo ọmọ tí ó ń sùn. Kò mọ ohun tó ń lọ, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ju 17,000 ìgbà lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó kí ó máa rán ara rẹ̀ létí tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ni ó ń ṣe é. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí orí ti fẹ́ pàdé ọrùn, ibì kan wà tí kì í sùn. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde lọ sí iṣan àyà àti iṣan fẹ̀ǹfẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, pé: ẹ fà á wọlé, ẹ tú u jáde.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ rí, ẹ mọ ẹwìrì. Ọ̀gá jókòó síwájú iná. Ọmọ kan jókòó lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fin ẹwìrì. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kọjá lọ sí ìdí èédú. Bí iná bá ń rọ̀, ọ̀gá á kígbe mọ́ ọmọ náà: “Fin ín!” Ọmọ á yára. Iná á ràn.

Ọpọlọ ni ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Iṣan àyà ni ọmọ tó ń fin ẹwìrì. Ẹ̀dọ̀fóró ni ẹwìrì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kéékèèké ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Báwo ni ọ̀gá ṣe ń mọ̀ pé iná ń rọ̀? Ojú ni ó fi ń rí i. Ọpọlọ kò ní ojú nínú lọ́hùn-ún, ìránṣẹ́ ni ó ní. Afẹ́fẹ́ rere ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ọ́síjìn. Ní ilé ìwòsàn tiwa níhìn-ín, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní oxygène. Ara ń lò ó bí iná ti ń lo èédú. Lẹ́yìn tí ara bá lò ó tán, afẹ́fẹ́ àlòkù ló ń kù, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e padà wá sí ẹ̀dọ̀fóró kí a lè tú u dànù. Bí afẹ́fẹ́ àlòkù bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ dán an wò. Ẹ pa ẹnu àti imú dé díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí nǹkan kan á fi máa tì yín láti inú pé kí ẹ mí dandan. Ẹ lè rò pé àìsí afẹ́fẹ́ rere ni ó ń tì yín. Rárá o. Afẹ́fẹ́ àlòkù tó ń kún inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń tì yín jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní àìsàn àyà má dán èyí wò.

Ìránṣẹ́ kejì wà ní ọrùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ó jókòó sí oríta ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti pín sí méjì, ó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí wò. Bí ọ́síjìn bá dínkù, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Dókítà Corneille Heymans, ará ìlú Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó fi hàn ní gbangba pé láti ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1938 nítorí rẹ̀. Ẹ rántí hóró ìrẹsì yìí. A ó padà bá a.

Nígbà tí ẹwìrì bá bàjẹ́

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ti di bárakú kì í dé lọ́jọ́ kan. Èéfín ni ó ń mú un wá jù. Èéfín tábà ni àwọn ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n èéfín igi ìdáná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ti ń yan gaàrí fún ogún ọdún nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, tí ó sì gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn, kò fẹnu kan sìgá rí, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ lè dàbí ti amutábà. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú rí, tí ó sì ti san, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ní àpá tí kò ní lọ. Ikọ́ fée tí a kò tọ́jú fún ọdún púpọ̀ náà lè dé ibẹ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú? Àwọn ọ̀nà kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà á wú, wọ́n á fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí wọn. Àwọn àpò tíńtìntín tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ á ya mọ́ ara wọn, bí fóòmù ọṣẹ tí ń fọ́ di ihò ńlá. Afẹ́fẹ́ á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde tán. Ìdí nìyẹn tí àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń wú bí àgbá.

Ẹ padà sí àgbẹ̀dẹ. Ihò ẹwìrì ti dí. Awọ rẹ̀ ti ya. Iná ń kú lọ. Ọ̀gá ń kígbe, ọmọ ń fin ín, òógùn ti bò ó láti àárọ̀. Ẹ wá rí ẹnì kan tó mú pàṣán wọlé, ó ní òun fẹ́ ran iná lọ́wọ́. Ó na ọmọ náà. Ọmọ á yára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lóòótọ́. Ṣé ihò á là? Ṣé awọ á lẹ̀?

Pàṣán yẹn ni oògùn tí ń ta èémí jí.

Ìtàn pàṣán náà

Kì í ṣe ẹ̀tàn ni wọ́n fi ṣe é o. Àwọn dókítà gbà gbọ́ nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní ìdí.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Coramine jáde. Bí ẹnì kan bá dákú, tàbí tí èémí rẹ̀ fẹ́ tán, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ń ta ọpọlọ jí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí ó lè ta èémí jí kò jìnnà sí ìwọ̀n tí ó ń mú gìrì wá. Ẹni tí ó ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa gbọ̀n jìgìjìgì lórí ibùsùn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn dókítà fi í sílẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni òmíràn dé, tí ń jẹ́ doxapram. Èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń lọ bá hóró ìrẹsì ọrùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rú u sókè, kí ó lè ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ọ́síjìn kò tó. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, ní ilé ìwòsàn, tí dókítà dúró tì í. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́. Bí wọ́n bá dá omi náà dúró, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tán. Ara ẹni tí wọ́n ń fà á sí kì í balẹ̀. Àyà rẹ̀ ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nígbà mìíràn gìrì tún ń mú un. Wọ́n ń lò ó fún aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí àárẹ̀ ti mú títí tí oorun fi ń gbé e lọ, kí wọ́n lè fi ra wákàtí díẹ̀ fún un, kí oògùn mìíràn lè ṣiṣẹ́. Ibi tí ìwúlò rẹ̀ mọ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lọ sílé.

Ẹ̀kẹta ni almitrine. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti wọ́pọ̀ láti ọdún 1980 sí i, Vectarion sì ni orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. Oògùn oníhóró ni, ẹnu ni wọ́n fi ń lò ó. Òun náà ń rú hóró ìrẹsì ọrùn yẹn sókè, ó sì ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀ lára àwọn kan. Àwọn ènìyàn ń lò ó ní oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Wọ́n wá rí i pé àwọn tó ń lò ó ń rù. Ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ó ń ta wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, òmíràn kò mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Oògùn náà ń ba iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a dúró, ó lè pẹ́ kí ó tó lọ, ó sì lè má lọ mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn tí ń ṣọ́ oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì pinnu pé ewu oògùn oníhóró yìí ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní farmasí.

Ẹ ò rí i? Bí ohun tó wà nínú páálí arákùnrin wa bá jẹ́ èyí, oògùn tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn kò tà ní oníhóró mọ́ lọ́hùn-ún ni ó rin ìrìn àjò wá bá bàbá wa. Bí kò bá sì jẹ́ òun, a kò mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀nà méjèèjì kò dára.

Ohun kan wà tí àwọn dókítà tún wá mọ̀, ó sì yà wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Wọ́n ti rò pé ọpọlọ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ya ọ̀lẹ, pé kò pàṣẹ tó. Nígbà tí wọ́n wọn àṣẹ tí ń jáde láti inú ọpọlọ wọn, wọ́n rí i pé ó ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Ọ̀gá ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Kí ni a tún fẹ́ fi pariwo kún ariwo ṣe?

Ẹ̀rọ tí ń bá ọmọ náà fin ẹwìrì

Ohun tí ó rọ́pò pàṣán ni olùrànlọ́wọ́. Láti ọdún 1990 sí i, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń lo ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé láti inú ìbòmú tí wọ́n dè mọ́ imú àti ẹnu aláìsàn. Bí ó bá ń fa èémí, ẹ̀rọ náà á bá a tì í wọlé. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí rọ́bà lọ́nà ọ̀fun. Iṣan àyà tí ó ti rẹ̀ á sinmi. Àwọn tí ìbá kú nínú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ń yè púpọ̀ sí i. Níbi tí ẹ̀rọ yìí bá wà, doxapram kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín: kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn wa ni ó ní in.

Ọ́síjìn náà ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Lára àwọn tí àrùn yìí ti wọ̀ lára, afẹ́fẹ́ àlòkù ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ kò kà á sí mọ́. Bí a bá dédé rọ́ ọ́síjìn lé wọn lórí láìní ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ àlòkù á tún pọ̀ sí i, oorun burúkú á sì gbé wọn lọ. Ní ọdún 1960, Dókítà Moran Campbell ní London ṣe ìbòmú kan tí ń fún ènìyàn ní ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ó pẹ́ kí gbogbo ayé tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní ọdún 2010, ìròyìn kan jáde láti erékùṣù Tasmania ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Wọ́n wo ènìyàn 405 tí èémí ń ni lára, tí ọkọ̀ aláìsàn wá gbé. Àwọn 226 gba ọ́síjìn púpọ̀, 21 kú nínú wọn. Àwọn 179 gba èyí tó ní ìwọ̀n, 7 kú nínú wọn. Ọ́síjìn kan náà ni, ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há ìka, ó ń sọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ní nọ́ńbà. Fún irú aláìsàn tí a ń sọ yìí, dókítà a máa fẹ́ kí nọ́ńbà náà wà láàárín 88 sí 92. Kò fẹ́ 100. Nítorí náà, bí ẹ bá wà lẹ́bàá ibùsùn, tí ẹ rí i pé nọ́ńbà náà kò gòkè tó ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí ìgò ọ́síjìn sókè. Ẹ pe olùtọ́jú. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀rọ ìka yẹn a máa fi díẹ̀ kún nọ́ńbà aláwọ̀ dúdú nígbà mìíràn. Ẹ má tìtorí nọ́ńbà dáadáa kọ etí dídi sí ẹni tí ó ń sọ pé òun kò rí èémí mí.

Ọ́síjìn tó ní ìwọ̀n lè fi ọdún kún ẹ̀mí ẹni tí tirẹ̀ kéré gan-an, èyí tí pàṣán kò ṣe rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan jáde ní ọdún 1981. Wọ́n fún ènìyàn 42 ní ọ́síjìn nínú ilé wọn fún wákàtí 15 lójúmọ́, wọn kò fún 45 mìíràn. Láàárín ọdún márùn-ún, 19 kú nínú àwọn tí wọ́n fún, 30 kú nínú àwọn tí wọn kò fún. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò nínú ilé, èyí sì ni ìṣòro rẹ̀ ní abúlé wa.

Ibi tí pàṣán ti bá iṣẹ́ mu

Ẹ má rò pé kò sí ibi kankan tí ó wúlò. Ọmọ tí a bí ṣáájú oṣù rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ mìíràn ni pé ọ̀gá àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó máa ń gbàgbé láti pàṣẹ. Ọmọ náà á mí, á mí, á sì dákẹ́. Níhìn-ín, ihò kò dí, awọ kò ya. Àṣẹ ni kò sí. Bí a bá ta ọ̀gá jí, iná á ràn.

Oògùn tí wọ́n fi ń ta á jí ni kaféènì. Òun náà ni ó wà nínú kọfí, òun ni ó wà nínú obì tí ẹ fi ń pe àlejò jókòó. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò pé oṣù tí wọ́n fún ní kaféènì tètè kúrò lórí ẹ̀rọ amúnimí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí i. Dókítà ni ó ń wọn ìwọ̀n rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ bí omi ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìyá àgbà kankan má lọ rẹ obì sómi fún ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tí ó lè mọ iye tó wà nínú obì kan, ọmọ náà kò sì tóbi ju iṣu kékeré lọ.

Ẹ rí ìyàtọ̀ náà. Oògùn tó ń ta èémí jí wúlò níbi tí àṣẹ ti sọnù, kò wúlò níbi tí ẹwìrì ti bàjẹ́.

Èyí tí ń pa èémí

Kí a tó dé ilé bàbá arákùnrin wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo lọ́kàn wa ju ti páálí Faransé lọ. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń ṣe òdìkejì: wọ́n ń mú kí ọ̀gá àgbẹ̀dẹ tòògbé. Wọ́n pọ̀ lójú pópó. Tramadol ni ti àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e mì kí wọ́n lè kọ ebè púpọ̀, kí wọ́n lè gun ọ̀kadà láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọ̀nú láìsinmi. Àwọn àgbà náà ń lò ó nítorí ẹ̀yìn ríro. Kodéènì tó wà nínú àwọn omi ikọ́ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Valium àti àwọn oògùn oorun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sódàbì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le lè jí lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bàbá tí a ń sọ yìí, igbe ọ̀gá nìkan ni ó gbé e ró. Bí kò bá rí oorun sùn nítorí ikọ́, tí ẹnì kan sì fún un ní Valium kan pẹ̀lú ife sódàbì kan, ó lè sùn ní tòótọ́, kí ilẹ̀ mọ́ kí ó má jí. Aládùúgbò á ní ikọ́ ni ó pa á.

Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti oògùn tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, títí kan Ajégúnlẹ̀ nínú ọjà Dàntọ́kpá ní Kútọ̀nú. Ó dínkù, kò tán. Ẹ wo inú agbọ̀n tí wọ́n ń rù kiri lọ́jọ́ ọjà yín.

Kí ni kí bàbá ṣe?

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Bẹ̀nẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, kí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ike kékeré tí a ń tẹ̀ fín sí ẹnu yóò bá a mu. Salbutamol wà nínú àwọn kan nínú wọn. Oògùn inú ike yìí kì í ṣe pàṣán. Ihò ẹwìrì ni ó ń là. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fín in sí ahọ́n, ahọ́n kì í sì í mí. Ẹ ní kí olùtọ́jú fi bí a ti ń lò ó hàn yín lójú ara yín, kí bàbá sì ṣe é níwájú rẹ̀.

Kí bàbá fi tábà sílẹ̀. A mọ̀ pé ó nira. Ẹwìrì tó ti ya kò ní padà di tuntun, ṣùgbọ́n yíya rẹ̀ á dẹwọ́, kò sì sí oògùn kan nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ tí ó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kí ìyá ilé gbé ààrò jáde sí gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí igi ìdáná gbẹ dáadáa, kí wọ́n má gbé ìjókòó bàbá sí ọ̀nà èéfín.

Nígbà tí èémí bá ń ni ín lára, kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó gbé apá méjèèjì lé itan tàbí lé tábìlì. Kí ó fi imú fa èémí, kí ó ká ètè jọ bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó sì máa tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí fífà wọlé bá gba kíka méjì, kí títú jáde gba mẹ́rin. Ètè tí a ká jọ yẹn kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀nà kéékèèké inú àyà tètè pa dé, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó há sínú á rí ọ̀nà jáde. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Kí ó máa fi kọ́ra nígbà tí ara rẹ̀ bá rọ̀, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ ìdààmú.

Ṣùgbọ́n bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, bí ahọ́n tàbí erìgì rẹ̀ bá ń dà bí aró, bí orí bá ń fọ́ ọ ní àràárọ̀, tí ó ń tòògbé ní ọ̀sán, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ wá ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó nínú ọkọ̀ náà, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ. Kí ẹni tó sìn ín mú gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti ti farmasí, àti ti ọjà, àti àgbo, kí ó kó wọn síwájú dókítà láìtijú.

Páálí tó ti Faransé dé náà ńkọ́? Ẹ má jù ú sí ààtàn, nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ gbé e lọ sí farmasí, kí wọ́n bá yín kà á, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má bínú sí ọmọ àbúrò tó mú un wá, ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Bí ó bá tún béèrè ohun tí òun lè fi ránṣẹ́, ẹ ní kí ó fi owó ìwé dókítà àti ike oògùn tí dókítà bá kọ ránṣẹ́, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti páànù tí ìyá yóò fi bo ààrò tuntun ní ìta.